Ìrìn tí kì í ṣe ti òkú, kì í ṣe ti ìgbéyàwó: láti Ṣágámù dé òkè Ìdànrè, láti Ìdànrè dé ọ̀sà Ẹ̀pẹ́

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa, àwa kì í rìn lásán. Tẹ́ ẹ bá rí tọkọtaya àgbàlagbà nínú mọ́tò lọ́jọ́ Fráìdeè, tí báàgì kún ẹ̀yìn, òkú ni wọ́n ń lọ sin, àbí ìgbéyàwó, àbí ọmọ wọn ló bímọ. Èmi àti Daddy Tóbi ti fẹ́ra ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, gbogbo ìlú tá a jọ dé, aṣọ ẹbí la wọ̀ débẹ̀. Mo mọ Òṣogbo, mo mọ Abẹ́òkúta, àmọ́ ẹ má bi mí ní nǹkan kan níbẹ̀ yàtọ̀ sí họ́ọ̀lù àti ibi tí wọ́n ti ń pín jọ̀lọ́ọ̀fù.

Tíṣà jọ́gíráfì ni Daddy, ọdún tó kọjá ni wọ́n rítáyà. Gbogbo ìgbà tí mo bá ní ká jáde lọ síbì kan, "tí mo bá rítáyà" ni èsì wọn. Wọ́n wá rítáyà tán, wọ́n tún jókòó sílé. Èmi ní tèmi, obì ni mò ń tà, ní Sábó Ṣágámù níbí, Fẹ́búárì sì ti dé, àsìkò obì ti lọ, àwáwí tán lẹ́nu èmi náà. Ohun tó wá ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé gbogbo ọdún tí Daddy fi ṣe tíṣà, wọ́n ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní inselberg, òkè àpáta tó dá dúró lórí ilẹ̀, wọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì yà á sójú bọ́ọ̀dù, wọ́n á kọ Ìdànrè sábẹ̀ rẹ̀, wọn ò sì fojú kan Ìdànrè rí láyé wọn. Mo ní ó tó gẹ́ẹ́, ká lọ wò ó.

Àdéhùn wa ni pé kò sí ìrìn alẹ́, kò sì sí ìkánjú. Ẹni tó bá sọ pé "jẹ́ ká tètè" ló máa ra mínírà fún ẹnì kejì. (Kí n tètè sọ ọ́ báyìí, mi ò ra ẹyọ kan títí a fi délé.)

Fráìdeè: Ṣágámù, Ìpẹru, Ìkẹ́nnẹ́, Ìjẹ̀bú-Òde

Aago méje la ní a máa gbéra, aago mẹ́wàá kọjá ká tó kúrò ní géètì. A ò gba ẹkisipírẹ́ẹ̀sì, ọ̀nà ẹ̀yìn la gbà, torí Ìpẹru ni wọ́n ti bí mi, mi ò lè gba ibẹ̀ kọjá kí n má kí àbúrò ìyá mi. Bí màmá ṣe rí wa tá a bọ́ọ́lẹ̀ nínú mọ́tò báyìí ni wọ́n ká ọwọ́ lérí. "Ta ló kú?" Mo ní kò sẹ́ni tó kú, ìgbádùn la ń lọ. Wọ́n wojú mi, wọ́n wojú Daddy, wọ́n wá fà mí wọ yàrá, wọ́n ní ṣé kì í ṣe pé ọkọ mi ń ṣàìsàn tá a ń wá ìwòsàn kiri. Ó gbà wá ní bíi ogún ìṣẹ́jú kí wọ́n tó gbà pé ara wa le.

Wọ́n fún wa ní ẹ̀bìrìpò. Ẹ̀yin tí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, kókò ni wọ́n ń rin, wọ́n á po ata àti iyọ̀ mọ́ ọn, wọ́n á pọ́n ọn sínú ewé, wọ́n á sè é. Ọkọ mi ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ní ìkọ́kọrẹ́ ló tó oúnjẹ, ewùrà ni ewùrà ń jẹ́, wọ́n ní kí ni wọ́n ń fi kókò ṣe. Wọ́n jẹ márùn-ún.

Ní Ìkẹ́nnẹ́ a yà kí Bàbá Awólọ́wọ̀ níbi tí wọ́n sin wọ́n sí. 1909 ni wọ́n bí wọn ní ìlú yẹn, 1987 ni wọ́n kú. Daddy dúró níbẹ̀ bí ẹni tí ọ̀gá ilé-ìwé pè, wọ́n bọ́ fìlà, torí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ 1955 ni bàbá wọn fi rí àwọn ẹ̀gbọ́n wọn rán lọ sílé-ìwé, wọ́n máa ń sọ ọ́ lójoojúmọ́. A gba Ìlíṣàn, Ìròlú, Àgọ́-Ìwòyè wọ Ìjẹ̀bú-Òde. Igbó obì àti kòkó ló pọ̀ lójú ọ̀nà yẹn, mo sì ní kí Daddy dúró lẹ́ẹ̀mejì kí n lọ wo obì. Wọ́n ní ṣebí a ní a ò ṣòwò. Mo ní ojú ni mo fi ń wò ó, mi ò fọwọ́ kàn án.

Ilé bàbá Daddy la sùn sí. Ìbéèrè kan náà: "Ayẹyẹ ta ni?"

Sátidé: Òkè-Ẹ̀rí

Láàárọ̀ a kọ́kọ́ rìn yí ká itòsí ààfin Awùjalẹ̀. Ibẹ̀ ni Ojúde Ọba ti máa ń wáyé lọ́jọ́ kẹta Iléyá, èmi náà ti wá síbẹ̀ láìmọye ìgbà, àmọ́ mi ò rí ilẹ̀ ibẹ̀ rí láìsí ẹṣin àti èèyàn lórí ẹ̀. Ó dákẹ́ rọ́rọ́. Ọba Síkírù Adétọ̀nà tó gorí oyè ní 1960, tí gbogbo wa dàgbà bá lórí oyè, wàjà ní 2025, Daddy ò sì tíì lè sọ "Awùjalẹ̀ àná" kí ó yọ̀ lẹ́nu wọn.

Lẹ́yìn ìyẹn la wá lọ sí Òkè-Ẹ̀rí, níbi tí wọ́n ní Bilikísù Sùngbọ́ sùn sí. Ọ̀rọ̀ obìnrin yìí, mo ní ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò. Wọ́n ní ó lówó, ó ní ẹrú, kò bímọ, òun ló sì ní kí wọ́n gbẹ́ yàrà ńlá yí gbogbo ilẹ̀ ká kí wọ́n má bàa gbàgbé òun. Ó da. Àwa wá dé ibojì obìnrin, wọ́n ní obìnrin ò gbọdọ̀ wọbẹ̀! Àfi ọkùnrin. Daddy wọlé, èmi jókòó síta lórí òkúta bí ẹni tí wọ́n lé jáde ní kíláàsì. Mo bi bàbá tó ń mú èèyàn wọlé pé ta ló ṣòfin yẹn, ó ní bí wọ́n ṣe bá a nìyẹn. Nígbà tí Daddy jáde mo ní kí ni wọ́n rí, wọ́n ní ilẹ̀ tó mọ́ tónítóní, wọ́n ní wọ́n ní koríko kì í hù lórí ẹ̀. Mo ní ṣé ìyẹn nìkan, wọ́n ní ìyẹn nìkan ni. Ó dùn mọ́ mi díẹ̀.

Ṣùgbọ́n Eredo, yàrà tí wọ́n ní ó gbẹ́ yẹn fúnra ẹ̀, kò sẹ́ni tó lé mi kúrò níbẹ̀. Yàrà náà gùn tó 160 kìlómítà, tí a bá fi mọ́tò wọ̀n ọ́n, bíi kí èèyàn lọ Ìbàdàn láti Ṣágámù kó sì padà wálé. Àwọn ibì kan wà tó jẹ́ pé láti ìsàlẹ̀ kòtò dé orí ebè tó 20 mítà. Ibi tá a ti sọ̀ kalẹ̀, igi ti bò ó lórí pátápátá, òòrùn ò wọlé, ògiri ẹ̀ gún régé, èèhọ̀n aláwọ̀ ewé ti bò ó, ilẹ̀ pupa wa yìí náà ni, kò sí bíríkì, kò sí sìmẹ́ńtì. Mo fi ìka họ ọ́, ó le bí àwo. Ẹ jẹ́ ká fi owó òwò wò ó: ta ló ń bọ́ àwọn tó gbẹ́ ẹ? Tí mo bá gba lébírà mẹ́rin wá kó obì fún ọjọ́ kan, mo ti mọ iye gaàrí tí wọ́n máa jẹ. Ẹni tó gbẹ́ yàrà yìí, ó ní láti ní oko, ó ní láti ní àwọn tó ń se oúnjẹ, obìnrin ló sì máa se é. Daddy ń sọ̀rọ̀ òkúta àti ilẹ̀, èmi ń ro ìkòkò.

Àwọn kan ń sọ pé òun náà ni ọbabìnrin Ṣébà tó lọ kí Sólómọ́nì. Daddy ní wọn ò fara mọ́ ọn, èmi ní ẹ fi wọ́n sílẹ̀, ta ló ń gba nǹkan ìní wọn.

Sọ́ńdè: Ìjẹ̀bú-Òde sí Ìdànrè

Ọjọ́ tá a wakọ̀ jù nìyí, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Ọ̀nà Bẹ̀níì la gbà. A kọjá J4, níbi tí igbó Ọmọ wà, Daddy ní erin ń bẹ nínú igbó yẹn títí dòní, pé láti 1977 ni UNESCO ti kọ ọ́ mọ́ àwọn igbó tí ayé ń dáàbò bò. Mo ń wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, mi ò rí erin, mọ́tò agégẹdú ni mo rí.

A jẹun ní Ọ̀rẹ níbi tí gbogbo bọ́ọ̀sì tó ń lọ ìlà-oòrùn máa ń dúró, a yà gba Oǹdó, a dé Àkúrẹ́, a wá gba ọ̀nà Ìdànrè. Àwọn kan lórí fóònù ní ká tún dé Ìkògòsì lọ wo omi gbígbóná àti omi tútù tó pàdé. Mo mọ̀ pé ó dáa. Àmọ́ tá a bá ní ká wo gbogbo ẹ̀, a ti padà sí ìkánjú nìyẹn.

Kẹ́ ẹ tó dé Ìdànrè ni òkè ti máa ń yọjú. Daddy dákẹ́. Wọ́n rọra gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, wọ́n pa íńjìnnì. Òkúta ńlá, dúdú, orí ẹ̀ pá bí orí bàbá arúgbó, ó kàn ta láti inú ilẹ̀ sókè láìsí ẹni tó bá a sọ̀rọ̀, òmíràn tún wà lẹ́yìn ẹ̀, òmíràn lẹ́yìn ìyẹn. Mo ní, "Daddy, ẹ sọ nǹkan." Wọ́n ní, "Bí mo ṣe máa ń yà á kọ́, Ìyá Tóbi. Mo máa ń yà á kéré."

Mọ́ńdè: Òkè Ìdànrè

Gáìdì wa, ọmọkùnrin kan báyìí tó wọ sílípáàsì (sílípáàsì o!), ní ká bẹ̀rẹ̀ kí òòrùn tó mú òkúta, torí tó bá di ọ̀sán ẹsẹ̀ á máa jó. Aago méje la san owó tíkẹ́ẹ̀tì tá a bẹ̀rẹ̀ sí í gun àtẹ̀gùn. Ó lé ní 600. Èmi ń kà, Daddy ń kà, gáìdì ní iye tiẹ̀. Mo dé 214, ẹnì kan kí mi "ẹ kú iṣẹ́ o màmá", mo sọ iye nù, mo bẹ̀rẹ̀ láti 200. Títí dòní a ò tíì fẹnu kò lórí iye tó jẹ́.

Ibi ìsinmi wà lójú ọ̀nà, tó ní ìjókòó. Ní èkejì orúnkún Daddy bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Mo ti mú obì dání nínú ike kékeré, gbànja pupa, tí mo fi ewé tútù wé. Àwọn tó ń fi obì sínú ọ̀rá, ọ̀rá máa ń jẹ́ kó làágùn, ó á dúdú. Ewé ló ń jẹ́ kó mí. Mo la ọ̀kan, mo fún Daddy ní awẹ́ kan, mo fún gáìdì ní ọ̀kan. Ó korò, ẹnu wọn ṣú, wọ́n bú mi díẹ̀, kó tó di ibi ìsinmi kẹta wọ́n ti ń dárin. Bí àwọn dírébà trélà ṣe máa ń rìn dé Kánò nìyẹn, ẹ má wò ó bí nǹkan àdúrà nìkan.

Orí òkè! Ìlú ni. Mo rò pé a kàn máa rí òkúta. Ìlú odindi ni, ibi tí àwọn ará Ìdànrè ń gbé láyé àtijọ́, ilé wọn wà níbẹ̀, ààfin Ọwá, ọba wọn, wà níbẹ̀ tòun ti òpó, kóòtù tí wọ́n kọ́ ní 1906 wà níbẹ̀, túbú ẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Mo bi gáìdì pé báwo làwọn aboyún ṣe ń gun òkè yẹn, ó ní orí òkè ni wọ́n ń bímọ sí. Mo ní iyọ̀ ńkọ́, ta ló ń gbé iyọ̀ wá, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ò bá ìbéèrè yẹn pàdé rí. Mo bẹ̀rẹ̀ wo inú ilé kan tó ti wó, òkúta tí wọ́n fi ń lọ ata ṣì wà nílẹ̀, àárín ẹ̀ ti jẹ kòtò, ó dán. Mo tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé e. Ó bá ọwọ́ mi mu gẹ́lẹ́. Ẹnì kan lọ ata níbẹ̀ títí ó fi rẹ̀ ẹ́.

Wọ́n tún fi àwọn lẹ́tà kan hàn wá lára òkúta tí ẹnikẹ́ni ò lè kà, àti ẹsẹ̀ Àgbóògùn. Ipa ẹsẹ̀ ni, lórí àpáta. Wọ́n ní bó ti wù kí ẹsẹ̀ rẹ tóbi tó tàbí kó kéré tó, ó máa bá a mu, àfi tó o bá jẹ́ àjẹ́. Daddy tẹ̀ ẹ́, ó wọ̀. Wọ́n wá wojú mi. Gáìdì náà wojú mi. Mo ní kí lẹ ń wò, mo bọ́ bàtà, àyà mi ń já o, mi ò ní purọ́ fún yín, mo ní tí àpáta yìí bá ṣe mí ní àṣìṣe ńkọ́. Ó wọ̀. Daddy mí kanlẹ̀ bí ẹni tó gbé ẹrù sílẹ̀. Mo ní "Daddy, láti gbogbo ọdún yìí wá lẹ ò tíì mọ̀?" Wọ́n ní àwọn ń ṣeré ni.

Sísọ̀kalẹ̀ ló burú ju gígun lọ, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Itan mi ń gbọ̀n bí ẹ̀kọ tútù. Ní ìsàlẹ̀ obìnrin kan tó ń ta omi bi wá pé ṣé ṣọ́ọ̀ṣì ló rán wa wá gbàdúrà lórí òkè ni.

Túsìdeè àti Wẹ́sìdeè: ìpadàbọ̀

Túsìdeè a ò ṣe nǹkan kan. A jókòó sí fàrándà hòtẹ́ẹ̀lì, a na ẹsẹ̀, a ń wo òkè. Láàárọ̀ kùrukùru ọyẹ́ bò ó, nígbà tó di ọ̀sán ó dúdú, nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ó pọ́n bí obì. Jẹnẹrétọ̀ wọn kú láago mẹ́jọ alẹ́, kò jí mọ́.

Wẹ́sìdeè, a kọjá Ọ̀rẹ bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, táyà ẹ̀yìn bẹ́. Ẹ̀bi mi ni, mo ti ní ká lo táyà yẹn ju ọdún kan lọ sí i. Ọkùnrin tó ń lẹ táyà lábẹ́ igi wá bá wa, ó ń tú nọ́ọ̀tì, ó ń kí wa, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á tu yín nínú." Daddy ní kí lo rí, ó ní ṣebí òkú lẹ ń lọ sin. Daddy ní "jẹ́ ká tètè" sí ọkùnrin náà. Mo ní mínírà kan.

Tọ́sìdeè: Ìjẹ̀bú-Òde sí Ẹ̀pẹ́

A sùn ní Ìjẹ̀bú-Òde, láàárọ̀ a gba ọ̀nà Ẹ̀pẹ́. Ìjẹ̀bú ni Ẹ̀pẹ́, bó ti wù kí Ìpínlẹ̀ Èkó máa gba owó orí níbẹ̀. Lójú ọ̀nà Daddy ń tọ́ka sí apá Ìmàgbọ̀n. Ní oṣù Karùn-ún 1892, láti Ẹ̀pẹ́ ni àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì ti gòkè wá tàwọn ti ìbọn Maxim, torí pé Ìjẹ̀bú ti ọ̀nà òwò pa mọ́ wọn lójú, Ìmàgbọ̀n sì ni wọ́n ti ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú. Mo ní èmi oníṣòwò, mo yé àwọn Ìjẹ̀bú dáadáa: ẹni tó bá jẹ́ kí oníbàárà rí ibi tí òun ti ń ra ọjà, ọjà ẹ̀ ti tán. Daddy ní àwọn á fi ìyẹn sínú nóòtì, àmọ́ wọn ò kọ́ ọmọ kankan mọ́.

Ọ̀sà wá yọ. Lẹ́yìn òkúta Ìdànrè, ojú mi ò mọ ohun tó máa fi omi tó tẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe. Ó lọ títí, òdìkejì ẹ̀ kàn jẹ́ ìlà tín-ín-rín. Kò sì já gììrì bí òkun, ó kàn ń mí. Omi yìí náà ni Kòsọ́kọ́ ọba Èkó gbà wá nígbà tí wọ́n lé e kúrò ní Èkó ní 1851, tó tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́ pẹ̀lú àwọn èèyàn ẹ̀, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń gbọ́ Èkó-Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ nínú ìlú kan ṣoṣo.

A háyà ọkọ̀ ojú omi fún wákàtí kan. Èmi ò mọ̀wẹ̀, Daddy ò mọ̀wẹ̀, a wọ jákẹ́ẹ̀tì a jókòó gbagidi bí àwọn tó fẹ́ ya fótò páspọ́ọ̀tù. Ọlọ́kọ̀ pa ẹ́ńjìnnì láàárín omi kó lè fi apẹja kan hàn wá. Apẹja yẹn dá dúró nínú ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó fi eyín di etí àwọ̀n mú, ó yí ìbàdí lẹ́ẹ̀kan, àwọ̀n là sórí omi ribiti bí agbòòrùn tí wọ́n ṣí, ó rì. Kò kánjú. Ó dúró. Ó wá ń fà á díẹ̀díẹ̀. Ẹja kékeré mẹ́ta, èpìyà. Ó ju ọ̀kan padà sómi. Ó tún un jù. A wò ó jù mẹ́fà, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀, kódà èmi.

Ọjà ẹja Olúwo ni mo ti wá padà sí ara mi. Ọ̀bọ̀kún, àrọ̀, edé, ìjàpá láàyè, òkété, ọmọ ọ̀nì tí wọ́n dì lẹ́nu, àti ariwo. Mo ná ọ̀bọ̀kún títí ìyá ẹlẹ́ja fi bi mí ohun tí èmi náà ń tà. Mo ní obì. Ó ní ó hàn. Mo fún un ní gbànja márùn-ún tó kù nínú ike, ó fi èpìyà méjì ní mi lẹ́sẹ̀, mo tún ra ẹja gbígbẹ sí i, gbogbo ẹ̀ wọ búùtù.

Fráìdeè: ilé

Ẹ̀pẹ́ sí Ṣágámù kò jìnnà, àmọ́ ẹja ti ń rùn ká tó dé Ìjẹ̀bú-Òde, a ṣí gbogbo wíńdò. Mínírà mẹ́rin ni Daddy jẹ mí, wọ́n san án níwájú géètì.

Ìyá tó ń ta ẹ̀wà níwájú ilé wa sáré wá pàdé wa. "Ẹ káàbọ̀ o! Ó ti tó ọ̀sẹ̀ kan. Òkú yẹn mà tóbi o!" Mo ní màmá, kò sí òkú, a lọ wo òkè, a lọ wo omi ni. Ó ní hẹn-ẹn. Mo bu ẹja gbígbẹ fún un nínú ọ̀rá. Ó gbà á, ó kúnlẹ̀, ó gbóòórùn ẹ̀, ó ní ẹja yìí dáa gan-an, pé ká bá òun kí àwọn olóòkú, wọ́n mọ èèyàn ṣe lálejò.